Ta Ló Ń Se Ọbẹ̀ Bàbá? Bí Ẹ Ó Ṣe Lo Nursing Process fún Odidi Ìdílé

Nígbàkígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì bá dé ọ̀dọ̀ wa fún iṣẹ́ àdúgbò, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí: "Mà, aláìsàn kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ wa láti kọ care plan, ìyẹn ètò ìtọ́jú, fún. Èyí tí wọ́n ní ká kọ fún ìdílé yìí, orúkọ ta la ó kọ sókè ìwé?" Àwọn tó ti gbàwé ẹ̀rí tán náà ń bi mí. Tiwọn ni pé wọ́n á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń gbọ́.

Nursing process ni ìlànà tí nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lé láti tọ́jú èèyàn. Ìgbésẹ̀ márùn-ún tí ẹ mọ̀ náà ni: ìwádìí, ìdámọ̀ ìṣòro, ètò, ìṣe, àti wíwo àbájáde. Ohun tó yí padà ni ìbéèrè tí ẹ ó máa bi àwọn èèyàn. Ta ló ń se oúnjẹ? Ọwọ́ ta lowó wà? Ọ̀rọ̀ ta labẹ gé? Ta ló ń ṣàìsùn lóru? Ẹ lè mọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru aláìsàn dé orí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn, tí ẹ ò bá mọ ìdáhùn mẹ́rin yìí, ìwé ìdánwò lẹ kọ, ẹ ò tíì kọ ètò ìtọ́jú.

Àpẹẹrẹ kan ni a ó máa tẹ̀ lé: bàbá kan, ẹni ọdún 62, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá òsì rẹ̀. Ó ti kúrò ní ọsibítù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó wà nínú agboolé kan tí kò jìnnà sí Ọjà-Ọba n'Ílọrin. Mo da ilé bíi mélòó kan tí mo ti wọ̀ pọ̀ kí n tó rí i, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

## Kí ẹ tó jáde

Ẹ má lọ sí ilé ẹnikẹ́ni n'Ílọrin lọ́sàn-án Jímọ̀. Kí aago méjìlá tó lù ni àwọn ọkùnrin ti ń múra mọ́ṣáláṣí, ẹni tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ò ní sí nílé. Tó bá jẹ́ ìhà Ìgbómìnà tàbí Ọ̀fà lẹ wà, ẹ bèèrè ọjọ́ ọjà wọn kí ẹ tó dá ọjọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó rìn dé abúlé, ewúrẹ́ àti àwọn ọmọ kéékèèké nìkan ni yóò kí yín káàbọ̀. Lásìkò iṣẹ́ oko, ìrọ̀lẹ́ ló dára jù.

Ohun tó yẹ kó wà nínú báàgì:

- ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru, pẹ̀lú àmúlápá tó gba apá ńlá
- ẹ̀rọ ṣúgà àti ike tí ẹ ó ju abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò sí
- ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná ara, ìbọ̀wọ́, ọṣẹ
- téèpù tí a fi ń wọn apá ọmọdé, nítorí ẹ ò mọ ọmọ tí ẹ ó bá nínú ilé
- ìwé funfun tí kò ní ìlà, pẹ́ńsùlù, àti rọ́bà

Bírò ò dáa fún iṣẹ́ yìí o. Ẹ ó pa nǹkan rẹ́, ẹ ó tún un kọ.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ìwádìí

Ibí ni iṣẹ́ wà. Tí mo bá ní wákàtí mẹ́ta fún ìdílé kan, méjì nínú rẹ̀, ibí ni mo ti ń ná an.

1. Ẹ kí baálé kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Ẹ kúnlẹ̀, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ibi tí ẹ ti wá, àti iye ìgbà tí ẹ ó wá. "Ẹ káàsán sà. Nọ́ọ̀sì ni wá láti sẹ́ńtà ìlera. Bàbá tó ti ọsibítù dé la wá wò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ la ó máa wá, títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà." Tí ẹ bá gba iwájú rẹ̀ kọjá láìkí i, gbogbo ètò tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn náà, ẹnì kan á kàn sọ pé "Bàbá ò mọ̀ sí i", ó parí.

2. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì nìkan. "Bàbá, ta lẹ fẹ́ kó jókòó tì wá? Ta lẹ ò fẹ́ kó gbọ́?" Bí ahọ́n rẹ̀ bá wúwo, ó ṣì lè mi orí, ó lè fún yín lọ́wọ́. Ìkìlọ̀ mi tó lágbára jù nínú gbogbo ìwé yìí rèé: pé à ń tọ́jú ìdílé kò sọ àṣírí aláìsàn di ti ìdílé. Ẹni tó ní kòkòrò HIV, ọmọbìnrin tó lóyún tí kò tíì sọ nílé, ẹni tó ń lo oògùn ọpọlọ, òun ló ni ẹnu tí ọ̀rọ̀ náà ó gbà jáde. Ẹ bèèrè kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wọlé.

3. Ẹ ya igi ìdílé lójú wọn. Ọkùnrin, ẹ ya onígun mẹ́rin. Obìnrin, ẹ ya róbótó. Ẹni tó ti kú, ẹ fi àmì ìsọdá lé e. Tó bá jẹ́ olórogún, ẹ fi ọkọ sáàárín, kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ orí, ibi tí wọ́n ń gbé, àti àìsàn ńlá tó bá wà. Ẹ ó rí i pé wọ́n á súnmọ́ yín. Àwọn ìyá àgbà máa ń gba pẹ́ńsùlù mọ́ mi lọ́wọ́: "Rárá, èyí ló ṣáájú yẹn!" Láàárín ìyẹn, ẹ ti gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ẹ̀gbọ́n Bàbá méjì, ẹnikẹ́ni ò sì rò pé ìwádìí lẹ ń ṣe.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fa ìlà méjì. Ọ̀kan yí àwọn tó ń sùn sílé kan náà ká. Èkejì yí àwọn tó ń jẹun nínú ìkòkò kan náà ká. Nínú agboolé, ìlà méjèèjì kì í bára mu.

Ojú mi rí nǹkan kí n tó kọ́ ìyẹn. Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo lọ sílé kan lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń kọ́ ìyàwó ilé bí yóò ṣe dín iyọ̀ kù. Obìnrin náà ń gbọ́, ó ń ka gbogbo rẹ̀ padà fún mi bí ẹni ka Kùránì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ rẹ̀ ò mì. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ sínú fáìlì pé wọn kì í tẹ̀ lé ìmọ̀ràn, àfi ìgbà tí mo dé ibẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo rí ọmọ kékeré kan tó gbé abọ́ ọbẹ̀ tó ní ìdérí wọlé láti ilé kejì. Àbúrò ọkọ, obìnrin, ló ń se oúnjẹ alẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ látọdún gbọọrọ. Èmi ò tíì bá a sọ̀rọ̀ rí. Ta ni mo bi pé ta ló ń se ọbẹ̀? N ò bi ẹnikẹ́ni.

4. Ẹ bi ìbéèrè mẹ́rin náà tó wà lókè, kí ẹ sì fi ẹ̀karùn-ún tì í: "Kí ló ń dà yín láàmú jù nínú àìsàn yìí?" Ẹ bi aláìsàn, ẹ bi olùtọ́jú, ẹ bi ẹni tó ń sanwó. Ìdáhùn wọn kì í jọra, ẹ má sì bá wọn tún un ṣe. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

5. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ti ń lò, ẹ má fi ojú bú wọn. Àgbo, hàńtù, òróró tí wọ́n fi ń wọ́ ọ lára, oògùn tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì. Tí ojú yín bá yí padà nígbà tí wọ́n dárúkọ àgbo, wọn ò ní dárúkọ èyí tó kù, èyí tó kù yẹn ló sì lè máa bá oògùn dókítà jà.

6. Ẹ fi ojú wò. Ibo ni omi ti ń wá? Ìgbọ̀nsẹ̀ jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì tó? Ṣé àtẹ̀gùn wà? Ẹ ní kí wọ́n gbé oògùn wá, gbogbo rẹ̀. Nílé tiwa yìí, inú náílọ́nù dúdú tó so kọ́ ìṣó lẹ́nu fèrèsé ló wà, oòrùn ń pa á láti àárọ̀. Ẹ kà á lójú wọn. Páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, 30 nínú rẹ̀, ọ̀kan lójúmọ́, ọjọ́ 21 ló ti wà nílé. Mẹ́sàn-án ló yẹ kó kù. Mo ka 19.

7. Ẹ wọn ohun tó ṣe é wọ̀n. Kí Bàbá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kó tó kan ẹ̀jẹ̀ ríru. Apá tí àrùn ò mú ni kí ẹ lò. Kó má sì jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì tàbí mu tíì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ti olùtọ́jú. Èyí làwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé jù. Ti Bàbá jẹ́ 168/100, ṣúgà rẹ̀ kó tó jẹun jẹ́ 182 mg/dL. Ti ìyáálé, tí kò sí ẹni tó ń bèèrè rẹ̀, jẹ́ 158/96. Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti sọ pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó tó láti dá ọjọ́ tí a ó tún un wọ̀n.

Fún ẹni tó ń dùbúlẹ̀ púpọ̀, ẹ yẹ ìdí, gìgísẹ̀ àti egungun ìbàdí wò. Ìwé yóò ní kí ẹ wo ibi tó pọ́n. Awọ dúdú kì í sábà pọ́n. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: ṣé ó gbóná ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ? Ṣé ó le, tàbí ó rọ̀ bọ́ọ́kú? Ṣé ó ń dùn ún?

8. Ẹ wá ohun tí wọ́n ní. Kì í ṣe àbùkù nìkan là ń kó jọ. Nílé yìí, ọmọbìnrin ẹni ọdún 14 kan wà tó mọ̀wé dáadáa, ọmọ kan wà l'Ékòó tó ń fowó ránṣẹ́, ìyàwó kékeré ń tajà n'Ípàta, ó sì máa ń dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ìmáàmù àdúgbò náà sì ń wọlé wá lójoojúmọ́. Àwọn yìí ni ẹ ó fi ṣe ètò. Ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ rí i. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀yìn Bàbá ò tíì bó. Ẹ ti ṣe gudugudu méje." Ìyáálé sunkún nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan yóò kí òun kú iṣẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ìdámọ̀ ìṣòro

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹ wo àwọn tí mo máa ń fi bírò pupa fagi lé:

- "Rọpárọsẹ̀." Iṣẹ́ dókítà nìyẹn.
- "Ìdílé tálákà ni wọ́n." Èébú ni, kì í ṣe ìdámọ̀ ìṣòro.
- "Ìyáálé kò kọbi ara sí ìtọ́jú." Ẹ ti dá a lẹ́jọ́ kí ẹ tó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ìlànà rẹ̀ kò le: ìṣòro, *nítorí* ohun tó fà á, *èyí tó hàn nínú* ẹ̀rí tí ẹ rí. Tó bá jẹ́ ewu tí kò tíì ṣẹlẹ̀, ẹ dúró sí ohun tó lè fà á. Ẹ̀rí ò tíì sí, ẹ má dá a sílẹ̀ láti orí yín.

Èyí tí a kọ fún ilé yìí:

A. Ìdílé kò lè darí lílo oògùn Bàbá bó ṣe yẹ, nítorí pé kò sí ẹnì kan pàtó tí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Èyí tó hàn nínú oògùn 19 tó kù dípò 9, àti ẹ̀jẹ̀ ríru 168/100.

B. Iṣẹ́ ìtọ́jú ti wọ olùtọ́jú lọ́rùn, nítorí pé òun nìkan ló ń ṣe é tọ̀sán-tòru. Èyí tó hàn nínú pé kò sùn ju wákàtí mẹ́ta lọ lálẹ́, ìsọ̀ gààrí rẹ̀ ti wà ní títì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ náà sì jẹ́ 158/96.

D. Ewu egbò ìdùbúlẹ̀, nítorí pé Bàbá kò lè yí ara rẹ̀ padà, ìdílé kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí i.

E. Ọkàn Bàbá kò balẹ̀ lórí ẹ̀sìn rẹ̀, nítorí pé ó gbà pé ìrun òun kò dá mọ́ níwọ̀n ìgbà tí òun kò lè dúró, tí òun kò sì lè ṣe àlùwàlá. Èyí tó hàn nínú pé ó ní kí wọ́n má gbé òun dìde mọ́.

E yìí kì bá tí wọ inú ìwé ká ní a kò bi ìbéèrè karùn-ún. Gbogbo wa rò pé apá òsì ló ń dà á láàmú. Ó ní ìrun ni.

Èwo ló ṣáájú? Ohun tó lè pa á kíákíá ni kí ẹ fi sípò kìíní, ohun tó ń dun ìdílé jù ni kí ẹ fi tẹ̀ lé e, kódà bí kò bá jọ yín lójú. Tí ẹ bá fi tiwọn sí ìparí, wọn ò ní ṣe tiyín.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ètò

Ètò ìdílé kì í ṣe ohun tí ẹ ó jókòó kọ ní sẹ́ńtà kí ẹ gbé wá. Ẹ pe ìpàdé. Ti ilé yìí wáyé lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ìṣẹ́jú ogójì péré. Àbúrò Bàbá, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ labẹ gé, wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó méjèèjì wà níbẹ̀, ọmọ Èkó wà lórí fóònù. Bàbá náà wà níbẹ̀. Mo ti rí ìpàdé tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ aláìsàn lójú rẹ̀ bí ẹni tí kò sí nílé. Ẹ má gbà á láyè.

1. Ẹ ka ìṣòro kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá tó mọ́, ẹ bèèrè bóyá bó ṣe rí nìyẹn.
2. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn sọ ẹni tí yóò ṣe kí ni. Ẹ̀yin má yan ẹnikẹ́ni, pàápàá láàárín olórogún.
3. Ẹ fi ọjọ́ àti iye sí i. "Bàbá yóò sàn" kì í ṣe ibi tí à ń lọ. "Láàárín ọ̀sẹ̀ 2, oògùn tó kù nínú páálí yóò bá iye ọjọ́ mu" nìyẹn.
4. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé kan tí yóò wà nílé wọn.

Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé:

- Ọmọ ọdún 14 ni yóò máa fún Bàbá lóògùn lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, yóò sì sàmì sí kàlẹ́ńdà. Ìyàwó kékeré ni yóò máa ṣọ́ ọ bóyá ó ṣe é.
- Ìyàwó kékeré yóò máa yí Bàbá padà títí di ọ̀gànjọ́, ọmọkùnrin àbúrò Bàbá yóò gbà á títí di Àsùbáà. Ìyáálé yóò sùn.
- Ìyáálé yóò ṣí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀.
- Ìmáàmù yóò jókòó ti Bàbá lórí ọ̀rọ̀ ìrun.
- Àbúrò Bàbá yóò máa ra oògùn kí èyí tó wà nílé tó tán.

Ẹ bèèrè bákan náà bóyá ìdílé ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹ má ṣèlérí ohunkóhun lórí rẹ̀. Ẹ júwe ibi tí wọn ó ti bèèrè.

Tí Ràmàdáánì bá ń bọ̀: kí aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà rí dókítà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí oṣù tó yọ. Kó má dá ara rẹ̀ dúró lóògùn, kó má sì yí wákàtí rẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Kùránì yọ̀ǹda fún aláìsàn, ó wà nínú Súrátù Bákárà, ẹsẹ 184 àti 185. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu yín ló yẹ kí Bàbá ti gbọ́ ọ. Ẹ bá ààfáà rẹ̀ sọ ọ́, kí ààfáà bá a sọ ọ́.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ìṣe

Ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ó yé yín?" Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò wo ojú nọ́ọ̀sì kó ní kò yé òun. "Mà, ẹ fi hàn mí bí ẹ ó ṣe ṣe é lálẹ́ òní" ni kí ẹ sọ, kí ẹ káwọ́ gbera, kí ẹ máa wò.

Yíyí Bàbá padà

1. Wákàtí méjì-méjì.
2. Ẹ yí i díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi òmíràn sáàárín orúnkún. Kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì.
3. Èèyàn méjì ni kó gbé e pẹ̀lú aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wíwọ́ ló ń bó awọ.
4. Ẹ má fa apá òsì yẹn láéláé. Èjìká rẹ̀ lè yẹ̀, ìrora rẹ̀ á sì ju ti àrùn lọ.

Àṣìṣe méjì tí mo bá nínú ilé yìí gan-an: wọ́n fi òṣùká sábẹ́ ìdí rẹ̀ kó má baà dun ún, wọ́n sì ń fi òrí ra ibi egungun náà tagbáratagbára. Òṣùká ń fún ẹ̀jẹ̀ pa yíká ibẹ̀. Òrí kì í ṣe ọ̀tá, kí wọ́n fi pa á lára jẹ́jẹ́, kí wọ́n yọwọ́ lórí egungun.

Oúnjẹ

Kí ó jókòó ṣánṣán. Kí ṣíbí kéré, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó le, kí wọ́n dúró kó gbé e mì kí òmíràn tó wọlé. Kó má dùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Omi ló máa ń le jù láti gbé mì, kì í ṣe ẹ̀kọ. Tó bá ń wúkọ́ lórí omi, tàbí tí ohùn rẹ̀ ń dún bíi pé omi wà lọ́fun, ẹ dá a dúró, kí ó padà lọ rí dókítà.

Lórí iyọ̀: ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú ni ó pọ̀ jù fún àgbàlagbà lójúmọ́, iyọ̀ inú mágì sì wà nínú ìṣirò yẹn. Kí wọ́n má se ọbẹ̀ ọ̀tọ̀ fún Bàbá. Ọbẹ̀ ọ̀tọ̀ kì í pẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ó sì máa ń jọ ìyà lójú ẹni tó ń jẹ ẹ́. Kí ìkòkò gbogbo ilé dín iyọ̀ kù, kí irú, ata àti àlùbọ́sà gba ipò rẹ̀. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó bu iyọ̀ sí àwo tirẹ̀. Ìyáálé náà á jàǹfààní.

Nígbà tí ṣúgà bá wálẹ̀

Òógùn, gbígbọ̀n, ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, ebi òjijì. Tó bá kéré sí 70 mg/dL tàbí tí kò sí ẹ̀rọ nítòsí, tí ojú rẹ̀ sì là tó lè gbé nǹkan mì: ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́ta sí mẹ́rin nínú omi díẹ̀, ìṣẹ́jú 15, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Fún Bàbá tiwa, ẹ̀kọ lílọ́ ni ẹ ó pò ó mọ́, jẹ́jẹ́. Tí kò bá mọ ibi tó wà mọ́, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ọsibítù ni.

Ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má pe yín kọ́kọ́: ojú tàbí ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́, apá mìíràn tó kú tipiri, ọ̀rọ̀ tó dàrú lójijì, orí fífọ́ tí kò rí irú rẹ̀ rí, gìrì, èémí tó ń lé. Ẹ bèèrè kí ẹ tó kúrò nílé: ọkọ̀ ta lẹ ó gbé lóru?

## Ìgbésẹ̀ 5: Wíwo àbájáde

Ẹ gbé ohun tí ẹ kọ síwájú, ẹ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan: ó ṣẹ, ó ṣẹ díẹ̀, kò ṣẹ. Ẹ má kọ "ara rẹ̀ ń yá."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kàlẹ́ńdà ní àmì 13 nínú 14, ìyókù oògùn sì bá a mu. Ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá 146/88. Ìyáálé ń sùn wákàtí márùn-ún. Tirẹ̀ ṣì ga nígbà tí a tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà òun náà ní káàdì tirẹ̀ ní sẹ́ńtà báyìí. Ìdí Bàbá mọ́. Ó ń kírun ní ìjókòó, ó ń ṣe tàyámámù, àlùwàlá tí kò gba omi, òun fúnra rẹ̀ sì ni ó ń pè wọ́n láti gbé òun dìde.

Ohun tí kò ṣẹ: àbúrò Bàbá kò ra oògùn lásìkò. Owó dé ọwọ́ rẹ̀, ó bá nǹkan mìíràn pàdé lọ́nà. Ẹ má bá a jà, ẹ padà sí ètò. Ọmọ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó náà tààrà sí àkáǹtì kẹ́míìsì, àbúrò Bàbá ń lọ gba oògùn wá. Iyì rẹ̀ ò bọ́, oògùn ò sì tán.

## Tí nǹkan ò bá rí báyìí

Ìṣẹ́jú 15 péré lẹ ní. Ẹ kí wọn, ẹ ya igi ìdílé kékeré, ẹ bi ìbéèrè karùn-ún, ẹ yìn wọ́n fún ohun kan tí ẹ fojú rí. Èyí tó kù di ọjọ́ mìíràn.

Wọ́ọ̀dù lẹ wà, ẹ kì í lọ sílé. Ìdílé ti wá bá yín: wọ́n wà lórí ẹní lẹ́yìn wọ́ọ̀dù. Ẹ pe ẹni tó ń sùn níbẹ̀ lálẹ́, kì í ṣe ẹni tó wọ agbádá wá lásìkò ìbẹ̀wò. Ẹ jẹ́ kó máa bá yín yí aláìsàn padà láti ọjọ́ kejì, kó má jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń lọlé ni ẹ ó máa sáré kọ́ ọ.

Àwọn ìyàwó ò bára sọ̀rọ̀. Ẹ rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìṣẹ́jú wọn dọ́gba, kí ẹ má gbé ọ̀rọ̀ ọ̀kan lọ bá èkejì. Iṣẹ́ tí kò ní da wọ́n pọ̀ ni kí wọ́n pín.

Aláìsàn ò ní ẹbí nítòsí. Ìyá kan ń dá gbé ní abúlé kan lẹ́bàá Òmù-Àrán. Àwọn ọmọ wà l'Ábújá. Alájọgbélé tó ń bu omi fún un àti ìyá ìjọ tó ń wá lọ́jọ́ Sátidé ni ìdílé rẹ̀ nínú ìwé mi. A ya àwọn náà sórí igi.

Wọn ò fẹ́ yín. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ dúpẹ́, ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tí wọ́n sọ sínú fáìlì, ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kí ẹlòmíràn bá yín lọ, ẹni tí wọ́n mọ̀ ládùúgbò.

## Ọjọ́ tí ẹ ó kẹ́yìn lọ

Ẹ ti sọ ọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kó má bá wọn lójijì. Kí ẹ tó dágbére:

- kí ọmọ tó ń fún Bàbá lóògùn ṣe é lójú yín látìbẹ̀rẹ̀ dópin
- kí ẹlòmíràn kan nínú ilé mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí ọmọ á padà sílé ìwé
- kí ọjọ́ tí Bàbá àti ìyáálé yóò lọ rí dókítà wà lórí kàlẹ́ńdà
- kí nọ́ńbà sẹ́ńtà àti ti ọlọ́kọ̀ wà lára ògiri, kí ó tóbi tó èyí tí ẹni tí kò rí gígùn mọ́ lè kà

Tí wọ́n bá fún yín ní iṣu, ẹ bèèrè ohun tí òfin ibi iṣẹ́ yín wí. Tiwa gbà wá láyè láti gba oúnjẹ tí a bá jẹ níbẹ̀, kò gba owó. Èmi jẹ wàrà tí ìyáálé dín, ó sì jókòó tì mí, ó ń wo ẹnu mi bóyá n ó sọ pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀.